Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tí Ń Gbá Géèmù Mú Tirẹ̀ Wá



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n ó kan àgbà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ géèmù ni, eré orí kọ̀ǹpútà àti ti orí fóònù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí pé ẹ gbọ́ géèmù kí ẹ yí rédíò yín sí ibòmíràn. Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, òun náà ni pé kí géèmù fún ẹni tí ń gbá a láyè láti na ọwọ́ sínú ẹrù ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ inú dísìkì kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàbí inú mẹ́mọ́rì fóònù rẹ̀, kí ó mú fáìlì tí ó wù ú níbẹ̀, ìbáà ṣe orin, ìbáà ṣe àwòrán, ìbáà ṣe pápá ìjà tí òun tìkára rẹ̀ yà, kí ó sì gbé e wọ inú eré náà láìjáde kúrò nínú rẹ̀.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí géèmù gba èyí láyè? Mo ní ó yẹ. Ta ni ó yẹ kí ó yan fáìlì náà? Ẹni tí ń gbá géèmù ni, kì í ṣe géèmù fúnra rẹ̀. Orí ohun méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé ní ìrọ̀lẹ́ òní.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ aránṣọ. Bí ìnáwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò ṣí àpótí aṣọ yín. Ẹ óò yẹ àdìrẹ wò. Ẹ óò yẹ àǹkárá wò. Ẹ óò yẹ sányán tí ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín wò, ẹ óò sì mú ọ̀kan tí ọkàn yín fẹ́, ẹ óò gbé e tọ aránṣọ lọ. Aránṣọ ló mọ abẹ́rẹ́ í lò, òun ló mọ bí a ti ń gé ọrùn bùbá kí ó má baà fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n aṣọ, tiyín ni. Kò sì sí aránṣọ kan lábẹ́ ọ̀run tí yóò sọ pé nítorí pé ẹ gbé iṣẹ́ fún òun, òun gbọ́dọ̀ wọ yàrá yín lọ, kí òun tú gbogbo àpótí yín wò. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ẹni tí ó ṣe géèmù ni aránṣọ, fáìlì ni aṣọ, dísìkì sì ni àpótí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilẹ̀ Japan díẹ̀. Ní ìparí ọdún 1999, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ NanaOn-Sha, èyí tí olórin kan tí ń jẹ́ Masaya Matsuura jẹ́ olórí rẹ̀, ṣe géèmù kan fún ẹ̀rọ PlayStation. Vib-Ribbon ni wọ́n sọ ọ́. Bí ẹ bá tan géèmù yìí, ẹ kò ní rí àwọ̀ mèremère kankan. Ojú dúdú ni ẹ óò rí, ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan a sì là á kọjá láti ọ̀tún dé òsì, ehoro kékeré kan tí ilà lásán ni wọ́n fi yà á a sì máa rìn lórí rẹ̀. Bí orin ti ń lọ ni ilà náà ń yí padà: yóò wọ́ kọ́rọ́kọ́rọ́, yóò ga, yóò jìn, yóò ká bírí. Ẹni tí ń gbá géèmù gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì bí orin bá ti lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ehoro a kọsẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbo wá ni ìyanu rẹ̀ wà? Ẹ̀rọ PlayStation ìgbà náà, sídì kan ṣoṣo ni ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú géèmù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rí i kí á yọ sídì wọn kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe Vib-Ribbon ti jẹ́ kí géèmù wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi lè wọ inú mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà tán. Nítorí náà, bí ó bá ti wọlé tán, ẹ lè ṣí ìdérí ẹ̀rọ, kí ẹ yọ sídì géèmù kúrò, kí ẹ fi sídì orin tiyín rọ́pò rẹ̀, sídì tí ẹ rà lọ́jà fún etí ara yín. Géèmù yóò gbọ́ orin náà, yóò sì fi í la ọ̀nà fún ehoro. Orin pẹ̀lẹ́, ọ̀nà pẹ̀lẹ́. Orin tí ó gbóná, ehoro kò ní sinmi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ṣé ẹ gbàgbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ṣe géèmù yẹn rántí Haruna Ìṣọ̀lá olórin àpàlà, Bàbá Gani Àgbà, nígbà tí wọ́n ń ṣe é? Kò dájú pé wọ́n tilẹ̀ gbọ́ orúkọ àpàlà rí. Síbẹ̀, bí ẹ bá fi sídì Haruna sínú ẹ̀rọ yẹn, ehoro ará Japan yóò jó sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn tí ó ṣe é kò mọ̀ wá, wọn kò sì ní láti mọ̀ wá. Wọ́n kàn fi àyè sílẹ̀, àyè yẹn sì gbà wá. Ilé ìkóhun-ọnà-pamọ́ ńlá tí ó wà ní New York, tí à ń pè ní Museum of Modern Art, kó Vib-Ribbon mọ́ àwọn iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní ọdún 2012, mo sì ka ìyẹn sí ohun tí ó tọ́ sí i.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn Vib-Ribbon, ní 2008, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Dylan Fitterer gbé tirẹ̀ jáde fún kọ̀ǹpútà, ó pè é ní Audiosurf. Nínú èyí, kò sí pé à ń yọ sídì, à ń ki sídì bọ̀ ọ́. Géèmù a ṣí àwọn fódà kọ̀ǹpútà yín fún yín lójú ara rẹ̀, ẹ óò máa wá inú wọn títí ẹ óò fi rí orin tí ẹ ń fẹ́, ẹ óò tẹ̀ ẹ́, orin a sì di títì. Níbi tí orin bá ti rọlẹ̀, títì a gùnkè, ọkọ̀ yín a sì máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Níbi tí orin bá ti gbóná, títì a dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀, eré a sì dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwo jùjú àtijọ́, èyí tí Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan dé òpin rẹ̀ láìmí, ẹ̀yin yóò mọ irú títì tí yóò jáde níbẹ̀: òkè gígùn ní ìbẹ̀rẹ̀ níbi tí gìtá ti ń kí àwọn olówó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀ ńlá nígbà tí gángan bá gba iwájú lọ́wọ́ gìtá.

Ohun tó wuni ní ń pọ̀ nínú ọlà ẹni. Ohun tí ó wu ọmọ Japan yàtọ̀ sí ohun tí ó wu ọmọ Ìkirè. Báwo ni ẹni tí ó jókòó sí ibì kan ṣoṣo yóò ti ṣe mọ ohun tí ó wu gbogbo ayé? Kò lè mọ̀ ọ́n. Kí ó má wulẹ̀ dààmú láti mọ̀ ọ́n. Kí ó jẹ́ kí oníkálùkù mú tirẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ géèmù ni à ń sọ. À ń sọ pé ó yẹ kí géèmù fún ẹni tí ń gbá a láyè láti yan fáìlì láti inú dísìkì ara rẹ̀, kí ó sì gbé e wọ inú eré. Ẹni tí ń gbá géèmù ni kí ó mú tirẹ̀ wá. Òun náà ni kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án.

Bóyá ọ̀dọ́ kan ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé bọ́ọ̀lù ni tòun, òun kò bá ti orin lọ. Ó dára. Ǹjẹ́ o rántí Pro Evolution Soccer, èyí tí ilé iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Japan ń ṣe tẹ́lẹ̀? Konami kò ní àṣẹ láti lo orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ fi Chelsea gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ pé London FC ni wàá bá níbẹ̀, tí aṣọ ọrùn wọn kò sì jọ ti Chelsea. Bí Liverpool ni o fẹ́, Merseyside Red ni wọ́n máa fi dá ọ lóhùn. Kí ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe? Wọ́n jókòó, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ya aṣọ àti àmì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún orúkọ kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì tí àwọn ẹlòmíràn lè gbà. Nígbà tí ó di PES 2016 lórí PlayStation 4, géèmù náà fúnra rẹ̀ fàyè gbà wọ́n: o lè ki fúláàṣì bọ ara ẹ̀rọ, kí o sì kó àwòrán inú rẹ̀ wọlé. London FC a wọ aṣọ Chelsea. Ohun tí òfin kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà fi sínú géèmù, olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù fọwọ́ ara rẹ̀ mú un wá.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí aráyé mọ agbára ohun tí mò ń wí yìí, Doom ni a óò bá, géèmù tí ilé iṣẹ́ id Software ní Texas gbé jáde ní oṣù Ọ̀pẹ, 1993. John Carmack, tí ó kọ ọpọlọ géèmù náà, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ọpọlọ tí ń gbé eré rìn wà nínú fáìlì kan, gbogbo yàrá, ògiri, ẹ̀mí àìrí àti ìró ìbọn wà nínú fáìlì mìíràn tí wọ́n ń pè ní WAD. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe WAD tirẹ̀. Àwọn èèyàn sì ṣe é bí ẹni tí a fi iṣẹ́ rán. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ kan tí ń jẹ́ TeamTNT ti ṣe odindi ìlú tuntun tí wọ́n fẹ́ pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún aráyé, kí id Software tó na ọwọ́ sí wọn, tí ó rà á lọ́wọ́ wọn, tí ó sì gbé e jáde ní ọdún 1996 gẹ́gẹ́ bí apá kan Final Doom. Títí di òní olónìí ni àwọn èèyàn ń ya ìlú tuntun fún géèmù ọdún 1993 yẹn.

Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀. Ní ìgbà yẹn, kì í ṣe inú géèmù ni wọ́n ti ń yan WAD. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọ̀kan ní láti dúró níwájú ojú dúdú kọ̀ǹpútà, kí ó kọ orúkọ géèmù, kí ó kọ ọ̀rọ̀ àṣẹ tẹ̀lé e, kí ó tún kọ orúkọ fáìlì náà láìṣi lẹ́tà kan. Bí ó bá ṣi lẹ́tà kan, ó parí. Mélòó nínú àwọn ọmọ ayé ìgbà náà ló mọ bí wọ́n ti ń ṣe é? Díẹ̀ ni. Àwọn díẹ̀ yẹn ni wọ́n gbádùn rẹ̀. Àwọn yòókù, tí ọgbọ́n pọ̀ lórí wọn, tí ó jẹ́ pé àìmọ ọ̀rọ̀ àṣẹ kan ṣoṣo ló dá wọn dúró, ìta ni wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n tún Doom gbé jáde ní oṣù Ògún, 2024, wọ́n fi ibi tí a ti lè yan iṣẹ́ àwọn olólùfẹ́ sí inú géèmù fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ kí ó tó dé, bẹ́ẹ̀ ni inú mi dùn pé ó dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé *inú géèmù* ni kí yíyàn náà ti wáyé. Kí ọmọ kékeré tẹ bọ́tìnnì kan, kí àwọn fáìlì rẹ̀ jáde sí i lójú, kí ó mú ọ̀kan. Ó tán.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín báyìí. Ẹ ń wí pé, bí géèmù bá lè ṣí dísìkì mi, kí ni kò ní jí níbẹ̀? Fọ́tò ọmọ mi wà níbẹ̀. Ìwé ilẹ̀ mi wà níbẹ̀. Ẹ kò ṣèrú. Ibẹ̀ ni a dé yìí.

Ẹ rántí aránṣọ. Ẹ̀yin ni ẹ ń ṣí àpótí, aránṣọ kì í wọ yàrá. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn nínú kọ̀ǹpútà, inú mi sì dùn láti sọ fún yín pé bí ó ti ń rí nìyẹn báyìí ní ọ̀pọ̀ ibi. Lórí fóònù Android àtijọ́, áàpù a máa tọrọ àṣẹ láti ka gbogbo ohun tí ó wà ní ibi ìkẹ́rùsí yín, nítorí pé ó fẹ́ lo àwòrán kan ṣoṣo. Ẹ gbà á láyè, ó rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Android 4.4, tí ó jáde ní 2013, fóònù ti ní ọ̀nà tirẹ̀: fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí àwọn fáìlì yín hàn yín, áàpù kò ní sí níbẹ̀, bí ẹ bá fọwọ́ kan ọ̀kan, ọ̀kan yẹn nìkan ni fóònù yóò gbé lé áàpù lọ́wọ́. Nígbà tí ó di Android 11, ní 2020, wọ́n tún mú òfin náà le sí i, kí áàpù má baà máa rìn gbéregbère káàkiri inú ẹrù yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn géèmù tí à ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ewé géèmù kò lè ṣí dísìkì yín fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró títí ẹ óò fi tẹ bọ́tìnnì, tí ẹ óò sì yan fáìlì. Ẹ wo bí àwọn tí ó ṣètò yìí ti ṣọ́ra tó: bí ojú ewé náà bá bèèrè inú fódà wo ni fáìlì yín ti wá, wọn kì í sọ òótọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fún un ni C:\fakepath, tí orúkọ fáìlì yóò tẹ̀ lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí fódà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín. Nítorí kí ni? Nítorí pé orúkọ yín sábà máa ń wà lára orúkọ fódà, kò sì kan géèmù ohun tí orúkọ yín ń jẹ́.

Ewu kejì wà, òun ni kì í sì í tètè hàn. Fáìlì tí ẹ gbé wọlé lè jẹ́ ìkà fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn orúkọ ẹṣin. Géèmù kan wà lórí ẹ̀rọ Wii ti ilé iṣẹ́ Nintendo, The Legend of Zelda: Twilight Princess. Akọni inú rẹ̀ ní ẹṣin kan tí ń jẹ́ Epona, bí ó bá sì wù yín, ẹ lè sọ ẹṣin náà ní orúkọ mìíràn. Géèmù a kọ orúkọ tí ẹ sọ ọ́ sínú fáìlì tí ó fi ń pa eré yín mọ́, ẹ sì lè gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wọ inú Wii láti orí káàdì kékeré. Àwọn tí ó ṣe géèmù fi àyè ìwọ̀nba sílẹ̀ fún orúkọ náà nínú mẹ́mọ́rì. Wọn kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò wọ̀n ọ́n wò. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Team Twiizers ṣe fáìlì kan tí orúkọ ẹṣin inú rẹ̀ gùn ju àyè yẹn lọ fíìfíì. Géèmù ṣí fáìlì, ó ń ka orúkọ, orúkọ kò tán. Àyè kún, orúkọ ṣàn kọjá sí ibi tí àṣẹ ẹ̀rọ ń gbé. Ohun tí ó wà ní ìdí orúkọ náà kì í ṣe orúkọ mọ́, àṣẹ ni. Ẹ̀rọ sì gbọ́ràn.

Àwọn tí ó ṣe é kò fi pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó ra Wii lè lo ètò tí òun fúnra rẹ̀ kọ lórí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí olóòótọ́ bá lè gba ibẹ̀ wọlé, olè náà lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe géèmù, ẹ má gba fáìlì kan gbọ́ nítorí orúkọ tí ó ń jẹ́. Ẹnikẹ́ni lè kọ mp3 sí ìdí orúkọ ohun tí kì í ṣe orin. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹ wọn gígùn rẹ̀. Ẹ wo bí ó ti tóbi tó kí ẹ tó gbé e wọ mẹ́mọ́rì. Bí ó bá ṣe àjèjì sí ohun tí ẹ ń retí, ẹ dá a padà.

Bí ẹ bá sì ń dá a padà, ẹ sọ ìdí rẹ̀. Àìsọ ìdí yìí dùn mí púpọ̀. Ọmọ yan orin, géèmù dákẹ́. Ọmọ tún un yàn, géèmù tún dákẹ́. Kò mọ̀ bóyá orin ló bàjẹ́ ni, bóyá fóònù ni, bóyá òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Gbólóhùn kan ṣoṣo, pé irú fáìlì báyìí ni mò ń gbà, èyí tí o mú wá kọ́ ni, ì bá ti tù ú lára. Ta ni ó ṣòro fún láti kọ gbólóhùn kan?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. A máa ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wa, a sì máa ń fi àmì sí ìdí lẹ́tà. Bí ọmọ wa bá pe fáìlì orin rẹ̀ ní Ẹgbẹ́ Ìyá Ọlọ́mọ, àwọn géèmù kan wà tí yóò sọ pé kò sí fáìlì bẹ́ẹ̀. Fáìlì wà ńbẹ̀ gedegbe. Ẹni tí ó kọ géèmù ló rò pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ayé fi ń kọ orúkọ. Ó tún ku èyí tí ó farasin jù bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́tà wa tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní àmì nísàlẹ̀, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Fáìlì méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà lójú yín, kí wọ́n sì jẹ́ orúkọ méjì lójú ẹ̀rọ, bí ọ̀kan bá ti inú kọ̀ǹpútà kan wá, tí èkejì sì ti inú òmíràn wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará òkèèrè kò ní bá wa rí àléébù yìí, nítorí kò kàn wọ́n. Àwa ni kí á fi orúkọ Yorùbá dán géèmù wa wò kí á tó gbé e jáde. Ọmọ wo ni a óò sọ fún pé kí ó yọ àmì kúrò lórí orúkọ ìyá rẹ̀ kí géèmù tó lè gbà á?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Unity, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù, kọ́ṣẹ́, ẹ fi etí sí èyí. Fèrèsé ìyanfáìlì tí ẹ ń rí níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ibi iṣẹ́ yẹn nìkan ló mọ. Kò ní bá géèmù yín jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójú wọn, tí ó sì di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó géèmù jáde kí wọ́n tó rí i pé kò gbà. Ẹ óò ní láti wá èyí tí ẹlòmíràn ti ṣe fún irú ẹ̀rọ tí géèmù yín yóò bá lọ, tàbí kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é. Godot, irinṣẹ́ mìíràn tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní tirẹ̀ tí ń bá géèmù lọ. FileDialog ni orúkọ rẹ̀, ẹ sì lè sọ fún un irú fáìlì tí ó yẹ kí ó máa fi hàn, kí ọmọ tí ń wá orin má baà máa la àárín ìwé ìsanwó iná bàbá rẹ̀ kọjá. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, bí ẹni tí ń gbá géèmù bá ti yan fáìlì tán, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fódà géèmù yín. Ìdí rẹ̀ ni pé fúláàṣì tí ó ti mú un wá lálẹ́ àná lè wà lápò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́yìn ọ̀rọ̀, ohun tí à ń sọ kò ju èyí lọ: ẹni tí ń gbá géèmù ni kí ó mú tirẹ̀ wá, òun náà ni kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án, géèmù kò sì gbọdọ̀ rí ju èyí tí ó yàn lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má lé ọmọ kúrò nídìí irú eré báyìí. Ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Ẹ bèèrè ibi tí ó ti rí fáìlì tí ó ń gbé wọlé. Bí ó bá jẹ́ orin tí ó wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ tàbí àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe é lọ. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹni tí kò mọ̀ rí fi ránṣẹ́ sí i, ẹ ní kí ó fi í sílẹ̀. Bí áàpù géèmù kan bá sì ń tọrọ àṣẹ láti ka gbogbo ohun tí ó wà nínú fóònù yín kí ó tó lè lo àwòrán kan ṣoṣo, ẹ má gbà fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe géèmù lọ́wọ́, ní Yábàá, ní Òṣogbo, ní Kútọnu, àti níbikíbi tí ẹ wà, mo bẹ̀ yín: ẹ fi bọ́tìnnì kan yẹn sí i kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì fi fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ dán an wò.